Ta Ló Jẹ Ọpọlọ Wọn?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni CBS bẹ̀rẹ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n pè ní BrainDead. Robert àti Michelle King, tọkọtaya tó ṣe The Good Wife, ló wà nídìí ẹ̀. Òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n gbé e wá sí Smithsonian ní Washington, làwọn èèrà kéékèèké bá jáde nínú ẹ̀. Èèrà yìí á gba etí wọ orí èèyàn, á jẹ lára ọpọlọ rẹ̀, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Orí àwọn sẹ́nétọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹni tó ń ṣe jẹ́jẹ́ lánàá á di alágídí lónìí, ẹgbẹ́ méjèèjì ò ní lè fẹnu kò mọ́, ìjọba á wá dúró gbọnin.

Lọ́dọ̀ àwa tí à ń gbé Prince George's County níbí, tí Washington jẹ́ ilé kejì sí wa, ohùn ò ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn kan ní kí la ó fi ọ̀rọ̀ tó le tó báyìí ṣàwàdà sí, nígbà tí ọmọ aráyé ń jìyà ẹ̀. Àwọn àgbà kan ò tiẹ̀ rí nǹkan tuntun nínú ẹ̀ rárá: wọ́n ní ohun tí òyìnbó ń pè ní èèrà yẹn, iṣẹ́ ayé làwa ń pè é. Àwọn mìíràn sì ń bínú pé bí èèrà ṣe wọ orí Democrat ló ṣe wọ orí Republican, bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn dọ́gba. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa tẹlifíṣọ̀n náà ò fẹnu kò. Àwọn tó ń wò ó ò pọ̀, CBS sì kéde lóṣù kẹwàá ọdún 2016 pé lẹ́yìn apá 13, ó parí.

Eré ti parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó fi sílẹ̀ fún wa. Bó bá jẹ́ pé nǹkan ló wọ orí èèyàn tó fi ń hùwà ibi, ṣé a lè dá a lẹ́bi?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kánjú dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Lọ́dún 1848, irin gùn orí òṣìṣẹ́ ojú irin kan tó ń jẹ́ Phineas Gage já ní ìpínlẹ̀ Vermont. Kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ní ìwà ẹ̀ yí padà, wọ́n ní kì í ṣe Gage táwọn mọ̀ nìyẹn mọ́. Títí dòní, a máa ń rí àrùn tó ń jẹ ọpọlọ níwájú orí, tí bàbá tí kò jalè rí á bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan olówó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà: ìyá jẹ́jẹ́ kan lè jí lọ́jọ́ kan, kó máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí gbogbo ayé, kó sì jẹ́ pé kòkòrò àrùn tó wà nínú ìtọ̀ ẹ̀ ló dà á láàmú. Táa bá tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀, á tún máa pè wá lọ́mọ. Ta ló máa bínú sí irú ìyá bẹ́ẹ̀? A máa ń sọ fáwọn ọmọ wọn pé, "Ẹ má dá màmá lóhùn, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

Nítorí náà, ẹni tó ní nǹkan lè wọ orí èèyàn, kò purọ́. Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kọ eré yìí ni pé àìsàn ní àmì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń dàrú, ara ẹ̀ náà ló ń ṣe ní ibi. Á fa dírípù tu, á kọ oúnjẹ, á lé ọmọ tó fẹ́ràn jù lọ síta. Ǹjẹ́ ẹ ti rí olóṣèlú tí èèrà jẹ ọpọlọ ẹ̀ tó gbàgbé orúkọ ẹni tó ń fún un lówó? Ẹ ti rí èyí tó ṣìnà lọ́jọ́ owó oṣù ẹ̀? Ohun tó máa gbàgbé ni ìlérí tó ṣe fún wa. Ìgbàgbé tó ń mọ ibi tí èrè wà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn.

Àwọn tiwa ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwájú wọn. Nínú Saworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999, ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, agbára àràmàǹdà wà níbẹ̀ bí èèrà ṣe wà nínú ti òyìnbó: ilù wà, adé wà, ikú wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Lápitẹ́ ọba Jogbo dáadáa. Kò sí ohun tó wọ orí ẹ̀. Ojú ẹ̀ là kedere nígbà tó kọ̀ láti ṣe ètùtù oyè, torí ó mọ̀ pé bóun bá búra, òun ò ní lè kówó ìlú jẹ. Nínú eré òyìnbó, èèrà ló ń ba olóṣèlú jẹ́. Nínú tiwa, olóṣèlú ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, agbára ọ̀hún ló wá dá a lẹ́jọ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kò dìgbà tó bá já bọ́ láti ọ̀run.

Bóyá ìdí nìyẹn tí Washington fi lè jókòó wo BrainDead kó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀, ìyẹn sì wà bẹ́ẹ̀ títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. Wọ́n rí ojú ara wọn nínú dígí ni. Ta ló máa rí ojú ara ẹ̀ nínú èèrà?

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2013, tí wọ́n ti ìjọba àpapọ̀ pa fún ọjọ́ 16. Bíi òṣìṣẹ́ 800,000 ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ní county tiwa, tí Census Bureau wà ní Suitland, tí NASA wà ní Greenbelt, kò sí àdúgbò tí kò kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbowó wọn nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó jẹ́ abẹ́ kọngílá ni wọ́n wà, ọ̀pọ̀ wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Owó ilé ò dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá sọ fún irú wọn pé èèrà ló fà á, ó ti gba ẹjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ, òótọ́ ni. Owó ńlá tó ń yí olóṣèlú ká, irọ́ tó ń jà ràn-ìn lórí tẹlifíṣọ̀n, akátá nìyẹn, ká lé e. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ń bẹ lórí adìyẹ.

Ohun kan wà nínú eré náà tí mo gbà pátápátá: ẹni tí èèrà ti wọ orí ẹ̀ kì í mọ̀. Lójú tiẹ̀, orí òun ò tíì pé tó báyìí rí. Ìyẹn kan àwa náà. Lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn tó ti di ọmọ onílẹ̀ nínú wa láǹfààní láti dìbò. Bí èèyàn bá ti pinnu pé gbogbo ẹni tó wà lápá kejì ni wọ́n ti jẹ ọpọlọ wọn tán, kó fọwọ́ kan etí ara ẹ̀ wò. Aláìsàn là ń káàánú, ká tọ́jú ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ le, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wá níbi, ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ ẹ̀, ká sì bi í léèrè.