Ta Ló Ni Ìtànṣán Oòrùn?

Ní ọdún 1968, Peter Glaser, onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bí ní Czechoslovakia tó sì di ará Amẹ́ríkà, gbé èrò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Oòrùn tó ń dé ilẹ̀ ti dín kù kó tó dé: òru ń mú un lọ, kùrukùru ń bò ó, afẹ́fẹ́ pàápàá ń gbà lára rẹ̀. Kí wọ́n wá gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà lọ sókè, nǹkan bí 36,000 kìlómítà, níbi tí ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Kí wọ́n sọ iná rẹ̀ di máíkírówéèfù, kí wọ́n sì máa rọ ọ́ sórí àwọ̀n wáyà ńlá kan tí yóò sọ ọ́ padà di iná. Ní 1973, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Oòrùn kò sí nínú ìwé yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n máa fi bù ú ni wọ́n fún un.

Èrò náà ti kúrò lórí ìwé. Ní oṣù kìíní 2023, ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech ní California fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí òfurufú. Nínú rẹ̀, ohun tó ń rọ máíkírówéèfù jáde àti ohun tó ń gbà á kò jìnnà síra ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kò sì sí wáyà láàárín wọn. Iná kọjá, gílóòbù bíńtín méjì sì tàn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ẹ̀rọ náà rọ díẹ̀ wá sílẹ̀, wọ́n sì rí àmì rẹ̀ gbà lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà ní Pasadena. Yúróòpù dá ètò SOLARIS sílẹ̀, Japan ti ń dán tirẹ̀ wò tipẹ́, Yunifásítì Xidian ní China sì ti gbé òpó irin tó ga tó 75 mítà ró fún ìdánwò.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè dá dáhùn. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ta ló san owó oòrùn rí? Alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sí i, ẹlẹ́lùbọ́ ń sá iṣu sí i, ẹnikẹ́ni kò wá gbowó lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwàásù orí òkè, Jésù fi í ṣe àpẹẹrẹ àánú Ọlọ́run, pé ó ń ràn fún ẹni ibi àti ẹni ire. Al-Kùránì náà sọ pé Ọlọ́run ló tẹ oòrùn àti òṣùpá lórí ba fún àǹfààní ọmọ ènìyàn. Bí ẹnìkan bá wá bù ú lókè tó ń tà á, ṣé oòrùn ló ń tà ni, àbí làálàá rẹ̀?

John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ sí irú ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1689. Ẹni tó bá fi òógùn ojú rẹ̀ mú nǹkan jáde nínú ohun tí Ọlọ́run fún gbogbo ènìyàn, tirẹ̀ ni, bí èyí tó ṣẹ́kù bá ti tó àwọn yòókù tó sì dára bákan náà. Oòrùn kò lè tán, lóòótọ́. Ibi tí wọ́n máa dúró sí láti bù ú ló lè tán, torí òrùka kan ṣoṣo ni ọ̀nà tí Glaser fojú sùn, lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n sì ti kún ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1976, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ òrùka yìí, lára wọn Colombia, Ecuador, Kenya àti Uganda, pàdé ní Bogotá, wọ́n kéde pé apá tó wà lókè orí àwọn, tàwọn ni. Àwọn alágbára kò gbà, nítorí àdéhùn àgbáyé ọdún 1967 ti sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ sọ òfurufú di tirẹ̀. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà ló ní àǹfààní gbogbo orílẹ̀-èdè ni lílo òfurufú wà fún, ìbáà ṣe olówó tàbí tálákà. Ibi tó dùn mọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń kà.

Ohun tó ń dẹ́rù bani jù ni ọwọ́ tó máa wà lórí swíìṣì. Ní oṣù kìíní 2009, Russia àti Ukraine jà lórí owó gáàsì, gáàsì tó ń gba Ukraine kọjá lọ sí Yúróòpù sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú òtútù. Àwọn ará Bulgaria, tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, gbọ̀n nínú ilé wọn. Ti òfurufú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń darí ìtànṣán náà lè yí i kúrò lórí ìlú kan sí òmíràn.

NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ṣírò iye tí yóò náni ní 2024, ó ní iná òfurufú yìí lè fi ìlọ́po 12 sí 80 wọ́n ju irú èyí tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ná nítorí èyí. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ ọ́, torí bí àwọn tó náwó bá ti gbé e sókè tán, ta ni yóò tún gbọ́ ti ẹlòmíràn?

Ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Áfíríkà, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ènìyàn ni kò ní iná, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí iná òfurufú tó bá sì pè wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí oníbàárà lásán, ọjà títà ni. Nàìjíríà jókòó nínú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí lílo òfurufú ní Vienna. Kí àwọn aṣojú rẹ̀ béèrè fún ìpín nínú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì béèrè fún ohùn nínú ìpinnu ibi tí ìtànṣán rẹ̀ yóò kọjú sí, kí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó gòkè.