Ta Ni Yóò Fun Ìpè?

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 2:12–28



Ìtàn tí a kà yìí bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ábínérì, olórí ogun ilé Sọ́ọ̀lù, àti Jóábù, olórí ogun Dáfídì, pàdé lẹ́bàá adágún Gíbéónì. Ábínérì ni ó dá a lábàá pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dìde ṣeré níwájú wọn. Méjìlá jáde níhìn-ín, méjìlá jáde lọ́hùn-ún. Olúkúlùkù fi idà gún ẹnìkejì rẹ̀, gbogbo wọn sì ṣubú pọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ábínérì ti pa Ásáhélì, àbúrò Jóábù. 20 ti kú lára àwọn ènìyàn Dáfídì, 360 lára ti Ábínérì. Ábínérì tí ó dá eré sílẹ̀ ni ó wá dúró lórí òkè, tí ó ń bẹ Jóábù pé kí idà sinmi.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó fẹ́ kọlu ẹlòmíràn lè yan ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, kò lè yan ọjọ́ tí yóò parí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn gbógun ti àwọn Ẹ̀gbá. Ní 1878, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú, dìde sí Ìbàdàn. Ogun Kírìjì nìyẹn. Ààrẹ kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò rí òpin rẹ̀. Ní 1886, Àlùfáà Samuel Johnson láti Ọ̀yọ́ àti Àlùfáà Charles Phillips láti Oǹdó ń ru iṣẹ́ àlàáfíà láàrin ibùdó méjèèjì, títí a fi ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án. Síbẹ̀, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ìpè lè dá ẹsẹ̀ dúró lójọ́ kan. Ọkàn a máa pẹ́.

Kí ni èyí kàn wá ní ìlú òkèèrè? Òṣèlú a máa ba orúkọ ẹnìkejì jẹ́, kí a má baà bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. A ti gbé ọgbọ́n náà wọ ilé wa. Tọkọtaya ní gbólóhùn asọ̀ lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti fóònù sí Nàìjíríà, kí ẹjọ́ tirẹ̀ lè kọ́kọ́ dé etí ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Nínú ìjọ, a ti kó ènìyàn jọ kí arákùnrin náà tó la ẹnu nínú ìpàdé. A rò pé a ti borí. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn ọmọ wa sì ń wò wá.

N kò sọ pé kí ẹni tí a ń lù nínú ilé dákẹ́ o. Ẹni tí ó ń wá ààbò kò kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó ń sọ pé, “Bí n kò bá tètè ṣe é, òun ni yóò ṣe mí.”

Ní Gẹtisémánì, Olúwa lágbára láti pe àwọn áńgẹ́lì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí Pétérù ti idà bọ àkọ̀, ó sì wo etí ọ̀tá sàn.

Ta ni yóò fun ìpè, nígbà náà? Má dúró de ẹni tí ó jẹ̀bi. Jóábù ni a pa àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó fun ìpè. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú, ó sì pa Ábínérì lẹ́yìn náà ní ẹnubodè Hébúrónì. Má ṣe bíi tirẹ̀. Lónìí, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Iléṣà àti ọmọ Èkìtì ń jẹ oúnjẹ Olúwa lórí tábìlì kan náà nínú ìjọ wa. Kí a tó tún pàdé níbẹ̀, lọ bá ẹni tí ìwọ àti òun jọ ní ọ̀rọ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn àlàáfíà. Àmín.