Sọ Ohun Tí Etí Rẹ Gbọ́

Ibi kíkà: Málákì 3:13–18, Mátíù 26:20–25

Nígbà ayé Wòlíì Málákì, ọ̀rọ̀ líle ló kún ẹnu àwọn ènìyàn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí èrè nínú sísin Ọlọ́run, pé àwọn agbéraga gan-an ni ayé ń gbè. Àárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí wọ́n ṣì bẹ̀rù Olúwa. Wòlíì kò dárúkọ wọn, kò sì sọ iye wọn. Kò tilẹ̀ sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Olúwa sì dẹtí sí wọn, a sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ìrántí kan níwájú Rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Málákì kò pè é ní àdúrà, kò sì pè é ní ìwàásù. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ sọ ni, Ẹni tó dá etí sì kà á sí ohun tó tó gbọ́.

Ibi kíkà yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá dúró lẹ́yìn ìdánrawò láti sọ orin kílásíkà tí olúkúlùkù gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sí alága níbẹ̀, kò sí akọ̀wé. Ẹnìkan gbọ́ Handel, ẹnìkan gbọ́ Fela Sowande, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ orin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ léraléra lórí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò ní àlọ àti àbọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará Berlin ti dé o. Kò burú. Òfin kan tí a ní ni pé a kì í gba "ó dùn" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ibo ló ti dùn? Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kí ó padà lọ gbọ́ ọ.

Ní àsìkò Lẹ́ńtì tó kọjá, orin ìjìyà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kọ ọ́, èyí tí Johann Sebastian Bach ṣe, ni gbogbo wa jọ ń gbọ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1727 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́, nínú Ìjọ Tọ́másì Mímọ́ ní ìlú Leipzig ní Jámánì, níbi tí Bach ti ń bójú tó orin. Ẹgbẹ́ akọrin méjì àti ẹgbẹ́ olóhun-èlò méjì ló gbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, a sì tún fi àyè sílẹ̀ láàárín ìpín rẹ̀ méjèèjì fún ìwàásù. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo aago bí ìsìn bá ti kọjá wákàtí kan ààbọ̀, ẹ rọra o.

Ohun tí èmi mú wá fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ àwọn fáyólìn. Ẹni tó ń ka ìtàn náà ń kọ ọ́ lórí dùùrù àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, gbẹrẹfu. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí Jésù bá la ẹnu, àwọn fáyólìn á dìde yí ohùn Rẹ̀ ká pẹ̀lú ohùn gígùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ayàwòrán máa ń kùn yí orí Rẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé Golgota. Nígbà tí Ó wá ké lórí igi pé Ọlọ́run ti kọ Òun sílẹ̀, àwọn fáyólìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Bach yọ wọ́n kúrò. Ohùn Olúwa wá kù lórí dùùrù lásán, bí ohùn ènìyàn yòókù. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí igbe yẹn, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí n mọ bí ìkọ̀sílẹ̀ ṣe rí bí ibi tí Bach kò fi nǹkan kan sí yìí.

Bàbá wa kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó kò bá mi dé Golgota. Ibi oúnjẹ alẹ́ ni etí tiwọn dúró sí. Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé ọ̀kan nínú wọn yóò da Òun, ojora sì mú gbogbo wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá àwọn ni. Bach fi ìbéèrè náà sẹ́nu ẹgbẹ́ akọrin, ohùn ń gun orí ohùn: ibí pe Olúwa, ọ̀hún pe Olúwa, kíákíá, bí ènìyàn tí iná jó lẹ́sẹ̀. Bàbá ní àwọn jókòó tì í pẹ̀lú ìwé orin, àwọn sì kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n pe Olúwa. Mọ́kànlá, kì í ṣe méjìlá. Ẹni kejìlá jókòó níbi tábìlì náà, ó dákẹ́. Ó di ẹ̀yìn ìgbà náà kí Júdásì tó dá bèèrè tirẹ̀. Èmi tí mo ti ń gbọ́ orin yìí láti ìgbà pípẹ́, n kò jẹ́ kà á láé. Akọ̀wé owó ló máa ń mọ̀ bí ẹyọ kan bá dín.

Màmá kan nínú àwọn olóhùn áltò ní kí Bàbá má tíì pa ìwé dé. Wọ́n ní ṣé Bàbá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e? Bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti bèèrè tán, Jésù kò tíì dáhùn tí ẹgbẹ́ akọrin tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọmọ-ẹ̀yìn mọ́. Orin ìyìn ìjọ ni wọ́n dà bò ó, ẹsẹ kan nínú orin tí Paul Gerhardt kọ, lórí ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀. Nínú ẹsẹ náà, ìjọ ló dáhùn ìbéèrè: àwọn ni. Àwọn ló yẹ kí ìyà náà jẹ. Mátíù kò kọ ìdáhùn yẹn síbẹ̀. Bach ló fi í sẹ́nu wa, kí Olúwa tó sọ̀rọ̀, kí Júdásì tó la ẹnu rárá. Màmá ní, "Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo dá a dúró. N kò lè gbọ́ síwájú mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà."

A dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ dùùrù ló fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó ní kí a má bínú sí òun, orin náà gùn jù, oorun ti gbé òun lọ kí wọ́n tó dé Gẹtisémánì. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwọn àpọ́sítélì gan-an sùn níbẹ̀.

Ará, orin kan náà ni gbogbo wa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dá a gbọ́ tí olúkúlùkù sì gbé tirẹ̀ lọ sílé, èmi ì bá ní fáyólìn láìní ẹni kejìlá, Bàbá ì bá ní iye láìní ìdáhùn. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rí pẹ̀lú: ẹni tó bá wá sí ìdàpọ̀ láìmú nǹkan kan dání ń fi ebi pa àwọn tó kù.

Bí kì í bá ṣe irú àjọsọ bẹ́ẹ̀, bóyá àwa ì bá má rí orin náà gbọ́ rárá. Lẹ́yìn tí Bach kú ní 1750, ìwọ̀nba àwọn tó ní ẹ̀dà tí a fọwọ́ kọ ló mọ̀ pé ó wà. Ìyá àgbà olórin kan tó ń jẹ́ Felix Mendelssohn ló fún un ní ẹ̀dà kan nígbà tó wà ní ọ̀dọ́langba. Ọmọ náà kò fi pa mọ́. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ sílé wọn ní Berlin, wọ́n ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, akọrin kan tó ń jẹ́ Eduard Devrient, lọ bá olùkọ́ rẹ̀, Carl Friedrich Zelter, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin Sing-Akademie, pé kí ó jẹ́ kí àwọn kọ ọ́ ní gbangba. Zelter kọ̀. Ó bá wọn wí pé iṣẹ́ náà ju agbára àwọn ọmọdé lọ. Wọn kò kúrò níwájú rẹ̀ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1829, Mendelssohn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún darí orin náà ní Berlin. Devrient ló kọ ohùn Jésù, Fanny, ẹ̀gbọ́n Mendelssohn, sì wà láàárín àwọn áltò. Wọ́n tún un kọ ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ọjọ́ ìbí Bach. Mendelssohn gé ibi púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀, èyí tí mi ò fara mọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a tẹ̀ ẹ́ sí ìwé.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní irú wọn. Thomas Ekundayo Phillips lọ kọ́ orin ní London, ó padà dé, ó sì di atẹdùùrù Ìjọ Kristi ní Marina, Èkó, ní 1914. Ibẹ̀ ló wà títí di 1962. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ lókè òkun ló fi kọ́ àwọn ọmọ akọrin, ó sì ṣe orin ìsìn tó tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ Yorùbá, kí orin má baà lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn mọ́. Fela Sowande jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Sowande ṣe African Suite rẹ̀ ní 1944, fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù, ohùn orin Ephraim Amu ará Gánà ló fi bẹ̀rẹ̀: ohun tó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó gbé e jáde kí ayé gbọ́. Orin háílàífù ló fi parí rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa kì í sùn sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Málákì. Bí a bá jáde nínú ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹnìkan bi wá pé kí ni a gbọ́, kí la máa ń sọ? "Ìwàásù yẹn lágbára." "Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀." Kí ni akọ̀wé ọ̀run fẹ́ kọ sílẹ̀ nínú ìyẹn? Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé ènìyàn wà níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà, àwa olólùfẹ́ orin ló sì ń ṣe jù: ká bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ olùdarí àti nọ́ńbà orin náà nínú àkójọ iṣẹ́ Bach, BWV 244, sí ẹlẹ́gbẹ́ wa létí, kí ó lè mọ̀ pé a mọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn kò tíì pín nǹkan kan. Nínú ìjọ náà, àwọn kan wà tí wọ́n lè ka ogún ẹsẹ Bíbélì láìsọ èyí tó kan àwọn.

Apá kejì wà, òun ló sì ṣòro fún mi jù: gbígbọ́ ẹni tó ń sọ. Nígbà tí Bàbá ń ka mọ́kànlá wọn, ó kù díẹ̀ kí n já lu ọ̀rọ̀ wọn nítorí fáyólìn mi. Ọlọ́run kò já lu ọ̀rọ̀ àwọn tó bẹ̀rù Rẹ̀. Ó dẹtí títí wọ́n fi sọ ọ́ tán, ó sì ní kí a kọ ọ́.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, wá orin kan tó ti pẹ́ tí o ti ń gbọ́, ìbáà ṣe ti Bach, ìbáà ṣe ti Sowande, ìbáà ṣe èyí tí o ń kọ nínú ìwé orin ìjọ rẹ láti kékeré. Gbọ́ ọ láìṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, pe ẹnìkan tó fẹ́ràn orin bíi tìrẹ, sọ ibi kan pàtó tó mú ọ fún un, kí o sì bi í léèrè ibi tó mú òun.

Àdúrà: Baba, Ìwọ tí O ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó bẹ̀rù Rẹ, la etí wa lónìí. Dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí O ti sọ̀rọ̀ tí a sì kàn sọ pé ó dùn. Fún wa ní ọ̀rẹ́ tí yóò bi wá pé níbo, kí O sì fún wa ní sùúrù láti gbọ́ tirẹ̀ tán. Ẹni tó ń dá gbọ́, tí kò ní ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, fi ẹnìkejì fún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bí ó bá sì jẹ́ àwa ni O fẹ́ rán sí i, jẹ́ kí a tètè lọ. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.