Ọmọ Bárékè, Ọmọ Ilé Ni

Bíbélì Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 17:12-22

 

Bí a bá ń ka orí yìí, ọ̀rọ̀ Gòláyátì ni a máa ń yára lọ bá. Ṣùgbọ́n kí Dáfídì tó mú òkúta, ẹrù oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ gbé. Jésè ti di arúgbó, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lójú ogun. Ó di ọkà yíyan àti ìṣù àkàrà mẹ́wàá fún wọn, ó fi wàràkàṣì mẹ́wàá kún un fún ọ̀gá wọn. Ó ní kí Dáfídì lọ wo àlàáfíà àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sì gba àmì kan bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Jésè kò lè bá wọn jagun mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí okùn tó so ilé mọ́ ibùdó ogun já. Okùn yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 18 oṣù Kẹta ọdún 1893 ni a bí Wilfred Owen, ẹni tó di akéwì olókìkí. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Iṣẹ́ rélùwéè ni baba rẹ̀ ń ṣe. Susan ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tó fi tọkàntọkàn sin Ọlọ́run, ó sì ń fẹ́ kí ọmọ òun di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 1911, ọmọ náà lọ ń ran àlùfáà kan lọ́wọ́ ní abúlé Dunsden. Ṣùgbọ́n ní 1913 ó kúrò níbẹ̀, nítorí iyèméjì ti wọ inú ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1915, ó di ọ́físà ní 1916, ó sì dé ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1917. Ìró bọ́ǹbù àti ikú tó rí da ọkàn rẹ̀ rú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Edinburgh. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 1917, wọ́n rán an lọ sí Scarborough. Ìlú etí òkun ni, tí ọkọ̀ ogun Jámánì ti rọ̀jò àgbá lé lórí ní oṣù Kejìlá 1914. Hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọ́físà ń gbé níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kì í ṣe ti ìbọn: òun ni ó ń mójú tó ilé, oúnjẹ, ìmọ́tótó yàrá àti àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá rí bí a ti ń tọ́jú ilé, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ilé ọgọ́rọ̀ ènìyàn?

Ní gbogbo àkókò yìí, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró. Èyí tó kọ sí ìyá rẹ̀ tó ṣì wà lónìí ju 500 lọ, nítorí pé ìyá náà tọ́jú wọn. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀.

Èkíní, ọmọ yìí lè sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀. Láti ojú ogun, ó kọ ohun ẹ̀rù tó rí sí i láìfi bò. Ẹ̀yin ìyá, ǹjẹ́ ọmọ wa lè sọ ohun búburú fún wa kí a má kọ́kọ́ pariwo? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń sọ pé dáadáa ni òun wà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì, iyèméjì ọmọ náà kò já okùn. Kò di òjíṣẹ́ Ọlọ́run bí ìyá rẹ̀ ti fẹ́, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ náà ni ó ń kọ̀wé sí. Àwa náà ní ọmọ tí kì í wá sí ìjọ wa mọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí a fi ti òsì fà á mọ́ra. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ta ni yóò wá gbọ́ ohùn Olúwa lẹ́nu wa?

Ẹ̀kẹta, àkókò kì í dúró de ènìyàn. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1918, Owen padà sí ilẹ̀ Faransé. Ní 31 oṣù Kẹwàá ó kọ lẹ́tà ìkẹyìn sí ìyá rẹ̀. Ní 4 oṣù Kọkànlá wọ́n pa á létí omi kan nítòsí Ors, ọmọ ọdún 25. Ọjọ́ méje péré ni ó kù kí ogun parí. Ìtàn sọ pé ní 11 oṣù Kọkànlá, bí agogo ìjọ ti ń dún fún ayọ̀ àlàáfíà ní Shrewsbury, ni wáyà ikú rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀. Gbogbo ìlú ń jó, ilé kan ń sunkún.

Ní orílẹ̀-èdè wa, 15 oṣù Kìíní ni a ń rántí àwọn ológun tó ti kú. Ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ wa lórí ìjókòó. Opó lè wà níbẹ̀, tàbí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí kọjá kí ẹ tó kàn sí ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, ìbáà ṣe ní bárékè, ní ibùdó àgùnbánirọ̀ tàbí ní òkè òkun. Fóònù ti mú un rọrùn, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ béèrè owó nìkan ni a óò pè é. Ẹ bi í bí ó ti sùn àti ohun tó jẹ. Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un létí rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó wà nínú iṣẹ́ ológun sílẹ̀, kí a máa dárúkọ wọn níwájú Ọlọ́run, kí a sì máa bẹ àwọn aya àti ìyá wọn wò.

Àdúrà: Bàbá wa ọ̀run, ìwọ tí o rí ọmọ wa níbi tí ojú wa kò dé, ṣọ́ wọn. Tu gbogbo ìyá tí wáyà ìbànújẹ́ ti bá nílé nínú. Má ṣe jẹ́ kí okùn ìfẹ́ já nínú ilé wa, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.