Èwo Ni Owó Ọmọ Títọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni tọ́ ọ. N kò tíì pàdé ọmọ Yorùbá tí yóò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n èwo nínú igba ènìyàn náà ni a ń san owó fún, èwo ni a sì kàn ń fún ní owó? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀kan náà ni. Èmi náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ọdún 2014, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé lẹ́tà kan wá bá mi nílé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jókòó, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìjọba ni lẹ́tà náà ti wá. Ní àkókò náà, òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí owó tí ń wọlé fún un kò sì pọ̀, lè gba ìrànwọ́ lórí owó tí ó ń san fún ẹni tí ń bá a tọ́jú ọmọ. Bí ó bá san 100 pọ́n-ùn, ìjọba lè fún un ní 70 nínú rẹ̀, bí owó náà kò bá ti ju 175 lọ́sẹ̀ fún ọmọ kan, tàbí 300 fún ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò yẹn parí ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ lè san tó 85 nínú 100. Wàyí o, ìjọba tí ń fúnni lówó a máa padà wá béèrè bí a ti ná an. Wọ́n ní kí ó fi orúkọ olùtọ́jú ọmọ náà ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn rìsíìtì, àti ìwé báńkì tí ó fi hàn pé owó jáde lóòótọ́. Wọ́n fún un ní 30 ọjọ́.

Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀ pé òun ń sanwó fún. Ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ kò ní wàhálà: obìnrin kan tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni ó ń gba ọmọ náà. Ní ọjọ́ méjì tí ó kù, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti Ìbàdàn wá kí wọn fún oṣù mẹ́fà, ni ó ń pọ̀n ọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ó ń ka owó lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, iye tí ì bá san fún ẹlòmíràn.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé owó ọmọ títọ́ kọ́ nìyẹn ni? Ẹ ṣáà bá mi kọ ìwé kan pé ẹ mọ̀ pé mò ń san án."

Mo jẹ́wọ́ pé mo mú bírò. Irọ́ ha ni bí? Owó jáde, ọmọ sì rí ìtọ́jú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dá mi dúró kì í ṣe ìwà rere, ẹ̀rù ni. Òfin kò ka ìtọ́jú ìbátan sí, àfi bí ìbátan náà bá forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú ọmọ náà níbi tí kì í ṣe ilé ọmọ náà gan-an. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹ̀gbọ́n mi wọ ìlú gẹ́gẹ́ bí àlejò, àlejò kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ gbowó. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó ń gba owó iṣẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ẹ̀sùn kọ́ ọ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù lọ tán, ìbéèrè náà kò lọ. Mo bi ọmọ náà léèrè pé, ní oṣù kejì, nígbà tí òtútù mú ìyá rẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ó yọ nínú owó rẹ̀? Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. "Háà, Bọ̀ọ̀dá! Mo tilẹ̀ fi kún un ni." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Owó ọ̀yà a máa dúró níbi tí iṣẹ́ bá dúró. Owó tí ọmọ ń fún ìyá kò mọ iṣẹ́. Bí ìyá kò bá lè gbé ọwọ́ mọ́, ìgbà náà gan-an ni ó ń pọ̀ sí i. Bí a bá wá pe èkejì ní orúkọ èkíní nítorí pé ìjọba yóò dá 70 padà nínú 100, kì í ṣe ìjọba nìkan ni a purọ́ fún. A ti sọ ìyá di alágbàṣe nínú ilé ọmọ rẹ̀, a kò sì bi í bóyá ó gbà.

N kò sọ pé òfin náà tọ́ o. Òfin tí ó rí iṣẹ́ àjèjì, tí kò rí ti ìyá àgbà, ojú kan ni ó fi ń wòran. Ìjọba kan náà ṣáà gbà láti ọdún 2011 pé ìyá àgbà tí kò tíì tó gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kí òbí rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe, lè fi ìyẹn kún àkọsílẹ̀ tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́la. Wọ́n kúkú mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù tí ó ń ba ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Àwa tí a ti òkèèrè wá mọ bí wọ́n ti ń wo ìwé wa. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, lórí irú owó ìtọ́jú ọmọ yìí kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí ni àwọn agbowó-orí pè ní oníjìbìtì láìtọ́. Ìwé kan tí ó sọnù, tàbí owó kékeré tí kò pé, ti tó kí wọ́n ní kí ènìyàn dá gbogbo owó ọdún padà. Wọ́n sì ń lo jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn bí àmì ìfura. Ọ̀pọ̀ ìdílé fọ́. Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba Mark Rutte fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2021. Ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi: àwọn òbí wọ̀nyẹn ní òtítọ́, ìwé ni wọn kò ní. Àwa ń wá ìwé fún ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó ti tábìlì. A to àwọn rìsíìtì lẹ́sẹẹsẹ, a fa ìlà sábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan nínú ìwé báńkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan wà tí ó san owó lọ́wọ́ tí kò gba rìsíìtì. Olùtọ́jú náà ṣe tán láti kọ wọ́n kí ó sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí wọn. Inú rere ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó fi ọjọ́ òní sí i, kí ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ báyìí-báyìí ni. Lẹ́yìn náà ni a kọ lẹ́tà pé ọjọ́ méjì kò yẹ ní kíkà, a sì kọ ọ̀sẹ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà á. Wọ́n ń yọ gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún ọdún kan ó lé. Àwọn tí ó ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà kò sọ iye tí ẹni tí ó bá rà á yóò san.

Nígbà tí a ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé yóò bínú. Ó béèrè iye ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní orúkọ òun. A sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ọjọ́ méjì péré? Òru ńkọ́? Ta ní ń bá yín ṣe òru?"

Ọmọ rẹ̀ bojú wolẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbé omi kaná.