Ta Ló Ni Àwòrán Ilé Wa?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé létí òkun Ìlàjẹ, òyìnbó olówó kan wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀dà ya ilé onípákó wa tó dúró lórí òpó, ó ya ọkọ̀ bàbá mi, ó ya àwọ̀n tí a sá sóòrùn. Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Òyìnbó, ọwọ́ ẹ dáa o!" Òyìnbó ká bébà rẹ̀, ó lọ. Ilé yẹn ńkọ́? Òkun ti gbé e lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló ni àwòrán yẹn? Ẹ ó ní ẹni tó yà á ni. Ọ̀dà tiẹ̀ ni, bébà tiẹ̀ ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò béèrè orúkọ bàbá mi.

Mo máa ń fi Kenneth Murray wé e. Ayàwòrán lòun náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1927 ló dé Nàìjíríà láti wá kọ́ni níṣẹ́ ọnà. Ben Enwonwu wà lára àwọn tó kọ́. Ó ń kó ère àtijọ́ jọ, àmọ́ kò kó wọn lọ sí pálọ̀ ara rẹ̀. Ní 1943 ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1957 mùsíọ́ọ̀mù ṣí ní Oníkàn l'Ékòó, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé lọ wò. Ilẹ̀ wa níbí ló kú sí ní 1972. (Lóòótọ́, ère tó wà nínú dígí kì í jẹ obì mọ́. Ìyẹn ń dùn mí díẹ̀.)

Ṣé kí n wá máa bínú sí òyìnbó tiwa? Ká ní kò yà á, kò sí ohun tí ì bá ṣẹ́ kù. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ìlú jọ ń náwó látinú àpò kan, ẹ lọ wò ó lónìí: òkun ń jẹ ẹ́ lọ ni. Níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń lọ, àwòrán kì í ṣe nǹkan yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, n kò ní kó dá a padà. Ẹni tó bá kó ojú ilé ẹni lọ, ó jẹ ẹni náà ní gbèsè kan ṣáá: kó jẹ́ kó rí i.

Bí ẹ bá rí i lára ògiri ẹnikẹ́ni, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọdé kan wà níbẹ̀ tó di ẹja mú. Èmi ni.