Iṣẹ́ Ogójì Ìṣẹ́jú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá bàbá mi, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn ọlọ́jà nìkan ni ó ń bá wí. Ní ìgbà ìsinmi tó kọjá, mo fi ojú ara mi rí i ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Obìnrin kan ti ṣe tán láti san ₦450,000 fún ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò, ṣùgbọ́n ó bínú nígbà tí wọ́n ní kí ó san ₦40,000 fún ohun tó wo ọkọ̀ náà sàn. Ìbéèrè tí ọjọ́ náà fi sí mi lọ́kàn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí: bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ tí ojú oníbàárà kò lè rí, gbèsè wo ni ó jẹ oníbàárà náà?

Àbúrò bàbá mi ni mẹkáníìkì tí mo ń sọ. Bàbá Kékeré ni gbogbo ilé wa ń pè é, Ìbàdàn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ gbé ọkọ̀ tòkúnbọ̀ rẹ̀ wá. Ọ́tò ni ọkọ̀ náà, ìyẹn èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Ẹ̀sùn ìyá náà ni pé bí òun bá tẹ iná láti kọjá lára ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ òun á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fò síwájú lójijì. Ó ní ó kù díẹ̀ kí tírélà kan gbá òun ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó sọ fún un pé jíà ti kú, kí ó lọ wá ₦450,000 láti fi ra òmíràn. Owó àjọ tó yẹ kí ó fi ra ọjà ni ó kó dání.

Bàbá Kékeré kò tú nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ yẹ ọ́ìlì jíà wò: ó pé, àwọ̀ rẹ̀ dára, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Ó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Lẹ́yìn náà ni ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, tí ó sì pè mí kí n wá wò ó.

Nínú ọkọ̀ ọ́tò òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pinnu ìgbà tí jíà yóò yí. Ó máa ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí awakọ̀ ṣe tẹ iná mọ́lẹ̀ tó, àti bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí kíákíá tó. Lẹ́yìn náà ni yóò pàṣẹ bí ọ́ìlì yóò ṣe rìn nínú jíà kí ó lè yí. Àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yìí ń tẹ̀ lé ni à ń pè ní sọ́fíwíà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ a máa tún un kọ bí wọ́n bá rí i pé ti àkọ́kọ́ kù díẹ̀ káàtó. Ti àtijọ́ ni ọkọ̀ ìyá yìí ṣì ń lò. Yàtọ̀ sí èyí, kọ̀ǹpútà náà a máa kọ́ ìṣe ẹni tó ń wa ọkọ̀, á sì máa yí jíà bí ó ṣe bá onítọ̀hún mu. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ yìí wà ní òkè òkun. "Ọkọ̀ náà ṣì ń rántí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn," ni Bàbá Kékeré wí.

Ó gbé ẹ̀rọ agbanásí sórí bátìrì, nítorí bí iná bá já láàárín iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà jíà lè kú pátápátá. Ó gba sọ́fíwíà tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ti máa ń sanwó fún àwọn tó ṣe ọkọ̀. Ó gbé e wọlé, ó pa ohun tí ọkọ̀ ti kọ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì wà á jáde kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Gbogbo rẹ̀ gba ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ìyá náà wà á fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Bí ó ṣe ń tẹ iná ni ọkọ̀ ń jẹ́ ẹ lóhùn.

"Èló ni owó yín, ọ̀gá?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni, mà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ogójì kí ni? Kí lẹ ṣe? Ẹ ò tú nọ́ọ̀tì kan. Ọwọ́ yín ò tiẹ̀ dọ̀tí. Ẹ jókòó, ẹ tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ wá ń pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì!"

Bàbá Kékeré ṣàlàyé títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyá náà san ₦20,000, ó ní òun yóò fi ìyókù ránṣẹ́, ó sì ń kùn lọ. Bí ó ṣe lọ tán ni ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù níbẹ̀ sọ ohun tí èmi náà ti ń rò lọ́kàn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò bá ti ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ títí di ọjọ́bọ̀. À bá bu gíríìsì sára, ká sọ fún wọn pé a ti pààrọ̀ jíà. Wọn ì bá san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún, wọn ì bá tún dúpẹ́."

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yìí dùn létí mi. Bàbá Kékeré ló ṣèlérí láti san owó ìdánwò WAEC mi, ọjọ́ tí ilé ìwé dá sì ti ń sún mọ́lé. Bí ó bá gba ₦300,000 lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, owó mi ti délẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe pé mo dúró lókèèrè ni mo ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Èmi gan-an wà lára àwọn tí irọ́ náà ì bá ṣe láǹfààní.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ irọ́ náà dáadáa kí a tó dá a lẹ́bi. Èkíní, ọkọ̀ náà ti dára, yálà a sọ òótọ́ tàbí a parọ́. Èkejì, inú ìyá náà ì bá dùn, nítorí pé ohun tó retí ni wọn ì bá sọ fún un. Ẹ̀kẹta, ₦450,000 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá san ₦300,000, ó ti jèrè. Bí inú ẹni tó sanwó bá dùn, tí inú ẹni tó gbowó náà sì dùn, ta wá ni a ṣẹ̀?

Kí n tó dáhùn, mo fẹ́ kọ́kọ́ gbèjà ₦40,000 náà. Àwa ènìyàn fẹ́ràn láti sanwó fún ohun tó wúwo tàbí ohun tó dun ni. Bí dókítà bá yẹ aláìsàn wò dáadáa, tí ó sì ní kí ó lọ mu omi kí ó sì sinmi, aláìsàn á ní kò ṣe nǹkan kan fún òun. Bí ó bá gún un ní abẹ́rẹ́ méjì, á ní dókítà gidi ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ tó jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò yẹ ni iṣẹ́ náà gan-an. Kì í ṣe ogójì ìṣẹ́jú ni ìyá aláṣọ ń sanwó fún. Ọdún tí Bàbá Kékeré fi kọ́ṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí ó rà àti owó tí ó ń san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ wà nínú ₦40,000 náà. Ẹni tí kò mọ̀ ni ì bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígba owó ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n gbígba owó ìmọ̀ yàtọ̀ sí gbígba owó àìmọ̀ ẹlòmíràn. Ìdáhùn tí Bàbá Kékeré fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló là mí lójú. Kò bínú, kò sì wàásù. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún wọn pé jíà tuntun ló wà níbẹ̀, wọn ò ní yẹ ọ́ìlì wò mọ́. Wọ́n á ní tuntun ni. Ọjọ́ tí jíà àtijọ́ yẹn bá wá gbó lóòótọ́, ojú ọ̀nà ló máa kú sí. Kí ni mo fẹ́ sọ nígbà náà?"

Níbi tí mo jókòó sí, mo rí i pé àwa méjèèjì ti ṣìrò. A rò pé irọ́ náà yóò parí bí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́. Kì í parí. Yóò bá ìyá náà wọ inú ọkọ̀, yóò máa bá a lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, yóò sì máa gbà á nímọ̀ràn lórí ohun tí kò yẹ kí ó fọkàn balẹ̀ lé. Bí ó bá ta ọkọ̀ náà lọ́la, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ parọ́ fún ẹlòmíràn láì mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí a ṣẹ̀ wà. Kò tíì mọ̀ pé a ṣẹ òun ni.

Ẹ má rò pé ìdánwò yìí wà fún mẹkáníìkì abẹ́ igi nìkan. Ní Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ Ford ta àwọn ọkọ̀ Fiesta, Focus àti EcoSport kan tí wọ́n ní jíà ọ́tò tí wọ́n ń pè ní PowerShift. Àwọn oníbàárà fẹjọ́ sùn pé ọkọ̀ wọn ń gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ náà mọ̀ pé àléébù wà lára ọkọ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ló fà á. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà ní kí ẹ̀ka Ford tó wà níbẹ̀ san mílíọ̀nù 10 dọ́là ilẹ̀ wọn. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2015, àṣírí Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì tú. Wọ́n ti fi sọ́fíwíà kan sínú nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ onídísù káàkiri àgbáyé, èyí tó máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń dán ọkọ̀ wò, tí yóò sì dín èéfín olóró kù ní àkókò ìdánwò náà. Ọ̀rọ̀ èéfín ni ti Volkswagen, kì í ṣe ti jíà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní: ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ fi àìmọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ọjà tà.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti ẹ̀tàn, nígbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan náà ni a fi ń ṣe méjèèjì? Ọkùnrin kan ló kọ́ mi ní èyí láì mọ̀. Ó gbé ọkọ̀ tí ó fẹ́ tà wá, iná ìkìlọ̀ sì wà ní iwájú awakọ̀. Bàbá Kékeré yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní inú jíà náà ti jẹ, pé irin ni yóò tún un ṣe, kì í ṣe sọ́fíwíà. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀. Ó ní kí ó kàn bá òun pa iná náà rẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ má bàa rí i, pé ojú ẹsẹ̀ ni òun yóò sanwó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni. Bàbá Kékeré kọ̀, ọkùnrin náà sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìwọ̀n tí mo rí dì mú nìyí: bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tí yóò ṣì ní ìtumọ̀, iṣẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ dandan kí onítọ̀hún má mọ̀ kí ó tó ní ìtumọ̀, ẹ̀tàn ni. Ìyá aláṣọ ì bá jókòó ti Bàbá Kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan kan kì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ọkùnrin yẹn bá jókòó níbẹ̀, gbogbo ète náà di asán.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Kí ni àǹfààní àlàyé fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà?" Ìyá náà kò nílò láti mọ kọ̀ǹpútà. Ó mọ ọkọ̀ tó ń dúró ronú, ó sì mọ ọkọ̀ tó ń jẹ́ ni lóhùn. Níbí yìí, mo rò pé Bàbá Kékeré náà ní ẹ̀bi díẹ̀. Kò sọ iye owó kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, kò sì pe ìyá náà wá wò ó bí ó ṣe pè mí. Ọmọdé kì í bá àgbà wí, nítorí náà mo kàn bi í pé, "Bàbá Kékeré, ṣé ẹni tí kò rí i lè gbà á gbọ́?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ó ń jẹ́ kí oníbàárà wa ọkọ̀ rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń fi sọ́fíwíà àtijọ́ àti tuntun hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó ń dá iye owó ṣáájú, ó sì ń sọ ohun tí sọ́fíwíà kò lè tún ṣe.

Ní ìparí, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí ojú kò rí gbọ́dọ̀ di ojú fún ẹni tó ń ṣe é fún. Òtítọ́ kì í ṣe èènì lórí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú iṣẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá wo ìwé ẹ̀rí wa lọ́la kò ní lè rí inú orí wa.

Ìyá aláṣọ náà kò tíì san ₦20,000 tó kù títí di òní. Ìyá mi ló yá owó nínú àjọ ẹgbẹ́ wọn láti fi kún èyí tí Bàbá Kékeré ní lọ́wọ́, kí owó WAEC mi tó pé. Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé òtítọ́ máa ń yára mówó wọlé. Òwe ìyá bàbá mi kò parọ́: òtítọ́ lè dọ́jà kí ó kùtà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nínú òwe náà pé kí a kó o kúrò lórí àtẹ.